Ìrìn-Àjò Ìran Mẹ́ta sí Ìkògòsì: Ǹjẹ́ Ilé Olówó Ńlá Tó Owó Rẹ̀?

Ó ti di àṣà rere láàrin àwọn ìdílé wa pé, bí ọjọ́-ìbí àgbà kan bá pé, tàbí bí àwọn ọmọ tí ń gbé òkè-òkun bá wálé ní ìgbà Kérésìmesì, ìyá àgbà, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ a kó ara wọn jọ, wọn a sì lọ sinmi ní ibì kan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lórí oúnjẹ, kì í sì í ṣe lórí ọkọ̀, bí kò ṣe lórí ibi tí a ó sùn. Ẹnìkan a wí pé kí a gba ilé tí ó dára jù lọ, iyekíye tí ó bá jẹ́. Ẹlòmíràn a dáhùn pé kí ni a fẹ́ fi ilé olówó ńlá ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé bí oorun bá ti gbé ni lọ, gbogbo iyàrá di ọ̀kan náà. Mo fẹ́ fi Ìkògòsì, ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lọ, ibẹ̀ sì ni ìdílé tiwa pẹ̀lú ti dán an wò.

Ẹni tí ó bá ti Adó Èkìtì bọ̀ yóò gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Aramọkọ, ìlú Alárá, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Láti ibẹ̀ ni yóò ti yà sí ọ̀nà Èríò. Ẹni tí ó ti Ìjerò bọ̀ pẹ̀lú lè sọ̀ kalẹ̀ sí Aramọkọ. Ẹni tí ó ti Iléṣà bọ̀ yóò gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí ọ̀nà ti ń yí láàrin àwọn òkè bí ejò. Ibi yòówù tí a bá gbà, òkè ni a ó máa gùn, òkè ni a ó sì máa sọ̀. Kí àwọn tí ó gbé àgbà sínú ọkọ̀ má ṣe rìn ín lóru, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún awakọ̀ kí ó rọra. Ó dára kí a dúró díẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n kí àgbà lè na ẹsẹ̀. Ìlú náà lókìkí fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀, lára wọn sì ni Agbọnbíọfẹ́, ẹni tí ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè, tí ó sì kú ní ọdún 1945.

Ní Ìkògòsì, omi méjì ni ó ń sun láti inú ilẹ̀: ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́wọ́, èkejì sì tutù. Wọ́n pàdé ní ibì kan, wọ́n sì jùmọ̀ ń ṣàn lọ; ẹni tí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí wọ́n gbé pàdé yóò mọ èyí tí ó gbóná yàtọ̀ sí èyí tí ó tutù. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìyàwó ọkọ kan náà ni àwọn méjèèjì í ṣe kí wọ́n tó di omi. Onínú fùfù ni ó di omi gbígbóná, oníwà pẹ̀lẹ́ ni ó sì di omi tútù. Ní ti àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé omi òjò ni ó ń gba ibi tí àpáta gbé là wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí a bá ti ń jìn sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó ni ooru ń pọ̀ sí i, nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi náà a gbóná nísàlẹ̀, a sì tún gba ojú àpáta jáde wá. Ooru rẹ̀ kì í bó ni lára. Kò jìnnà sí ooru ara ènìyàn tí ara rẹ̀ le, èyí tí í ṣe ìwọ̀n 37, ìdí sì nìyí tí ó fi tu àgbà tí orúnkún ń dùn lára, tí ọmọdé kò sì bẹ̀rù rẹ̀.

Ní ti ibi tí àlejò ń sùn, àgọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni míṣọ́nárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, Àlùfáà John McGee, tẹ ibùdó dó létí omi náà, tí àwọn ọmọ ìjọ sì ń péjọ níbẹ̀ fún ìsinmi àti ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní sáà kìn-ín-ní Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láti 2010 sí 2014, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì tún un ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yíyan ilé ti wọ inú ìrìn-àjò Ìkògòsì, nítorí iyàrá kékeré wà, ilé tí ó tóbi jù ú lọ sì wà, owó wọn kò sì dọ́gba.

Nígbà tí ìyá wa pé 80 ọdún ni àwa ọmọ pinnu pé a ó gbé e lọ síbẹ̀. Àwa 12 ni: ìyá wa, àwa ọmọ mẹ́rin, aya mi àti aya àbúrò mi, àti àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí egungun wọn ti le, méjì sì jẹ́ ọmọbìnrin kékeré. A jókòó láti gbìmọ̀. Àbúrò wa obìnrin tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun nìkan yóò san owó ilé tí ó dára jù lọ fún ìyá wa, kí Màmá lè wà níbẹ̀ ní òun nìkan, láìsí ariwo, kí gbogbo nǹkan ìrọ̀rùn sì yí i ká. Kí àwa yòókù wá iyàrá tí agbára wa bá ká. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ó sọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àbúrò wa ọkùnrin, olùkọ́ ní Ìjerò, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní òun àti aya òun yóò máa wá ní òwúrọ̀, àwọn yóò sì máa padà sílé ní alẹ́, nítorí iṣẹ́ pọ̀ fún òun. Kò sọ pé owó ni kò sí. Ó sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Gbogbo wa sì mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń jẹ́.

Ìyá wa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀. Ó ní, “Ó di ọdún kẹsàn-án tí bàbá yín ti lọ, èmi nìkan ni mo sì ń sùn nínú iyàrá mi láti ìgbà náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ fẹ́ fi owó rà fún mi yìí, mo ní i nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan fún mi, ibi tí n ó ti máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yìí bí wọ́n bá jí ní òwúrọ̀ ni kí ẹ rà.” Ó wá kọjú sí àbúrò mi, ó ní, “Ìwọ náà, iṣẹ́ yòówù kí ó pọ̀ fún ọ, ìwọ ni n ó máa wò lójú ní alẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó tú gbogbo ìdí náà sí wa lójú. A gba ilé kan ṣoṣo tí ó ní iyàrá mélòó kan àti pálọ̀, tí kò ní àtẹ̀gùn, tí kò sì jìnnà sí omi. Ìyá wa, àwọn arábìnrin wa méjèèjì, àwọn aya wa àti àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì ni ó sùn síbẹ̀. Èmi àti àbúrò mi pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gba iyàrá kéékèèké méjì tí owó wọn kò tó nǹkan. Ní ti sísan owó, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni ó gbà á: olúkúlùkù fi tirẹ̀ sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ẹnikẹ́ni kò sì mọ iye tí ẹnìkejì mú wá títí di òní olónìí. Àbúrò mi kò lọ sí Ìjerò ní alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí owó ilé ńlá náà rà fún wa ní tòótọ́. Èkínní ni oorun àgbà. Ẹni 80 ọdún a máa jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàrin òru. Bí ilé ìtura bá jìnnà, tàbí bí àtẹ̀gùn bá wà lójú ọ̀nà, inú ewu ni ó ń lọ. Ní tiwa, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ sì wà ní iyàrá kejì tí ó ń gbọ́ ọ. Èkejì ni òmìnira. Nítorí pé omi kò jìnnà, ìyá wa lè lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀, kí ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí ó sì padà sílé nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni pálọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti jẹun, ibẹ̀ ni a ti gbàdúrà ní òwúrọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ, ibẹ̀ ni àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́, tí ìyá wa gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, tí ó sì ti inú àlọ́ bọ́ sínú ìtàn ara rẹ̀, bí òun ti ń ru iṣu lọ sí ọjà Aramọkọ nígbà tí òun wà ní ọmọbìnrin, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe parọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a fi ń bu owó lé ilé bẹ́ẹ̀ ni a kò lò rárá. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tàn án. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, ìyá wa ní kí a pa á, nítorí atẹ́gùn òkè náà tutù tó fún òun, aṣọ ìbora ni òun ń fẹ́. Àga tí ó ń dán gbinrin wà, orí ẹní ni àwọn ọmọdé jókòó. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí nǹkan wọ̀nyí ni a ṣe san owó, a bá ti fi í ṣòfò.

Bákan náà ni kí a rántí pé gbogbo ènìyàn kò lè ṣe ohun gbogbo pọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fẹ́ lọ wo omi Àríǹta tí ń ti orí àpáta dà wálẹ̀ ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, tí kò jìnnà sí Ìkògòsì. Ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ gígùn, òkúta rẹ̀ sì ń yọ̀. Kì í ṣe ibi tí à ń gbé ẹni 80 ọdún lọ. Àwọn le lọ, ìyá wa àti àwọn ọmọbìnrin kékeré sì dúró nídìí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Agbára wọn yà wọ́n ní ọ̀sán; pálọ̀ kan ṣoṣo ni ó tún kó wọn jọ ní alẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Iye tí n ó lò yìí kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní iyàrá kékeré tí ó gba ènìyàn méjì jẹ́ 20,000 náírà fún alẹ́ kan, kí ilé tí ó gba ènìyàn méje sì jẹ́ 90,000 náírà. Ẹni tí ó bá wo 20,000 àti 90,000 yóò kígbe. Ṣùgbọ́n ènìyàn méje yóò nílò iyàrá kékeré mẹ́rin, èyí tí í ṣe 80,000. Nítorí náà 10,000 náírà péré ni a fi ra pálọ̀ àti ìsúnmọ́ra, kò sì pé 1,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan ṣoṣo bá wà nínú ilé náà, gbogbo 90,000 di ẹrù fún alẹ́ kan fún ẹnì kan, àwọn yòókù yóò sì tún san owó iyàrá tiwọn lẹ́yìn náà. Ilé kan náà ni, owó kan náà ni. Iye ènìyàn tí ó kó jọ ni ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n tàbí ọ̀pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Àwọn àgbà tí ó bá ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster lọ sí ìlú òyìnbó yóò rántí ọkọ̀ Accra, Apapa àti Aureol. Aureol bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀ ní ọdún 1951, ó sì ń ná Èkó àti ìlú òyìnbó títí di ọdún 1974. Kíláàsì ni wọ́n fi pín èrò inú rẹ̀: àwọn tí ó san owó kíláàsì kìn-ín-ní ní yàrá ìjẹun tiwọn, àwọn tí ó san owó kékeré sì ní tiwọn. Ọmọ tí ó bá sanwó kíláàsì kìn-ín-ní fún ìyá rẹ̀, tí òun tìkára rẹ̀ sì wà ní ti ìsàlẹ̀, yóò wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kì yóò sì jọ jẹun nídìí tábìlì kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńláńlá òde òní. Nínú Queen Mary 2, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, àwọn tí ó gba yàrá olówó gọbọi ní ilé oúnjẹ tí ó jẹ́ tiwọn nìkan. Ìdílé tí ó bá fẹ́ bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ béèrè ṣáájú bóyá owó tí wọn yóò fi bu ọlá fún àgbà kì yóò jẹ́ owó tí yóò mú un kúrò nídìí tábìlì àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Èmi kò wí pé àbúrò wa ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìdí. Àgbà mìíràn wà tí àìsàn wà lára rẹ̀, tí ariwo ọmọdé ń dà láàmú, tí ó sì nílò iyàrá tí ó dákẹ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ gba iyàrá tí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ lè sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdílé mìíràn sì wà tí owó iyàrá kékeré pàápàá yóò ni wọ́n lára. Kí wọ́n má ṣe yá owó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ìjerò, ní Aramọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n lè lọ ní òwúrọ̀, kí ó gbé oúnjẹ dání, kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ṣe pé gbogbo ilé ni ó jọ lọ tí wọ́n sì jọ bọ̀. Ohun tí kò dára ni kí a yan ilé tí owó rẹ̀ yóò mú kí ọmọ ìyá kan wí pé iṣẹ́ pọ̀ fún òun.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí. Ṣé àtẹ̀gùn wà láti ẹnu ọ̀nà dé orí bẹ́ẹ̀dì? Ṣé ilé ìtura wà nínú iyàrá, ṣé ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yọ̀? Báwo ni omi ti jìnnà sí ilé, ṣé àgbà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín? Ṣé ibì kan wà tí gbogbo ìdílé lè jókòó sí pọ̀ bí òjò bá ń rọ̀? Bí iná bá lọ, kí ni ó kù? Bí ìdáhùn bá dára, owó ilé náà tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà àga àti títóbi tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń sọ fún yín, ẹ fi owó yín sápò.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí omi náà ti tura tó, kí àgbà má ṣe pẹ́ jù nínú rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, bí ènìyàn bá sì dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ. Kí ó rọra dìde, kí ẹnìkan di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó sì mu omi tútù lẹ́yìn náà. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ó tó lọ. Ní ti ọmọdé, kí ojú àgbà kan má ṣe kúrò lára wọn nídìí adágún ìwẹ̀, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ̀yin ọmọ tí Ọlọ́run ti fún ní agbára, ẹ gbé àwọn àgbà yín jáde nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lè gbé wọn, ẹ má sì ṣe fi ojú owó nìkan wọn ọlá tí ẹ fẹ́ bù fún wọn. Ẹ ra ilé tí yóò gba gbogbo yín, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó má bàa sá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a lọ ní mímọ́, kí a bọ̀ ní mímọ́.